Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Wọn Kò Tíì Ṣí

Tí ẹ bá bá Alhaji Sàlàhúdíìnì pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Òun ni ọkùnrin tí yóò kọ́kọ́ wo àjà, tí yóò wo ilẹ̀kùn, tí yóò sì bi bàbá ọmọ léèrè ibi tí èrò máa gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ọmọ ò tíì lórúkọ, Alhaji ti ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe ọ̀nà àbájáde fún àwọn àgbààgbà. Ìyá ìkókó kan ní Ìbarà bú sẹ́kún lọ́jọ́ kan, ó rò pé ìran burúkú ló ń rí sí ọmọ òun. Màríámù, ìyàwó rẹ̀, ló fà á lẹ́wù kó tó jókòó.

Kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Ó kàn máa ń bí mi nínú ni. Ènìyàn rere ni, kò sì sí ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó ènìyàn rere tí kò ní í yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì: iná, omíyalé, ilé tó wó, ọkọ̀ tó dojú dé. Èmi Christianah ń ṣe é ní ìjọba ìbílẹ̀ tèmi, òun ń ṣe é ní tirẹ̀, àwọn yòókù sì wà káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ́fíìsì àwọn kan nínú wa kò ju tábìlì kan àti fèrè kan lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a lè máa ran ara wa lọ́wọ́. Bí iná bá ju agbára ará Ìjẹ̀bú lọ, ará Ẹ̀gbá á gbé okùn àti àkàbà lọ bá a. Bí wọ́n bá gbé ẹni tuntun dé ọ́fíìsì tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò fi mọ̀nà. Ẹgbẹ́ náà dára, n ò ní í purọ́. A háyà yàrá ńlá kan ní Aké, kò jìnnà sí ààfin, ibẹ̀ la ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó bá wọlé á kígbe pé, "Pàjáwìrì!" gbogbo wa á sì dáhùn pé, "Kò ní í jẹ́ tiwa!" N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá ìkíni yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá jẹ́ tiwa, ti ta wá ni? Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá fún nìyẹn.

Alhaji Sàlàhúdíìnì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àti olùdarí ètò. Òun ló kọ gbogbo òfin wa. Ó kọ òfin nípa bí a ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń jókòó, ẹni tó ń kọ́kọ́ kí ẹni. Tí a bá ń ṣe ayẹyẹ, kò sí ohun tó lè mú un fo nǹkan kan nínú ètò. Níbi ayẹyẹ kan, ẹni tó yẹ kó ṣe àdúrà ìparí ti lọ sílé, ó ti jẹun, ó ti sùn. Alhaji ní kí gbogbo èrò dúró, ó wakọ̀ lọ jí bàbá náà. Bàbá wá ṣàdúrà pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn.

Ibi tó ti kọ́ ọ kò jìnnà. Ìyá rẹ̀, Alhaja Kùdírátù, ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ìgbà ọmọge títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní ìsọ̀ Alhaja, àkọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ọjà láàárọ̀ ló ni gbogbo ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ọlọ́yàyà, ọjà á yá. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń nájà bí ẹni ń jà, Alhaja á ká aṣọ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, á ní òun ò tíì ṣí. Sàlàhúdíìnì kékeré a máa jókòó sórí ìdì aṣọ, á máa wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń dá oníbàárà padà nítorí pé ojú wọn le. Bó ṣe dàgbà nìyẹn, tó gbà pé ohun tí a kò bá ṣí dáadáa, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò bá wọn ta aṣọ. Ó kàwé, ó wọṣẹ́ ìjọba, ó sì ru ọ̀rọ̀ àkọ́tà ìyá rẹ̀ wọ inú ọ́fíìsì.

Bí ọkọ̀ ojú omi wa ṣe di ohun tí à ń wò láìlò nìyẹn. Aláàánú kan ló ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ rẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, oníke, tuntun, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀. Odò Ògùn a máa kún lọ́dọọdún, ohun tí a nílò gan-an ni ọkùnrin náà fún wa. Alhaji ní ó dára, ṣùgbọ́n a kò lè lò ó àfi tí ẹni ńlá kan bá wá ṣí i. Ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa wé ọkọ̀ náà yí po, ó so ó níwájú bí òdòdó. Ẹni ńlá àkọ́kọ́ ní òun ń bọ̀, a retí rẹ̀ títí ìrẹsì fi tutù. Èkejì rìnrìn àjò. Ẹ̀kẹta ní òun kò lè ṣí ohun tí a ti kọ́kọ́ fi lọ ẹlòmíràn. Ọkọ̀ wà lábẹ́ tapólì ní àgbàlá wa ní Aké, adìẹ àgbébọ̀ kan sì ń yé sínú rẹ̀. Bí òjò bá ti ba ríbọ́ọ̀nù jẹ́, Alhaji á ra òmíràn. Nígbà tí omi ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní apá ọ̀dọ̀ mi, okùn la fi fà wọ́n jáde, ọkọ̀ tuntun wà ní Aké, adìẹ ń sàba nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀ pàápàá, inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkè-Ìlewò la ti kọ́ ọ. Wọ́n to àga oníke ní méjì-méjì, wọ́n ní kí a gbà pé omi ni kápẹ́ẹ̀tì. A tu àga títí dìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ní ó ti kú. Gbogbo wa gba sátífíkéètì, títí kan olóògbé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Alhaji kò lè fi àgbékalẹ̀ ètò bò mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Alhaja Kùdírátù ń gbé ní Láfẹ́nwá, ní òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà, ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú kí àlejò má baà mọ̀. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti bá tiwọn lọ, òun nìkan ló kù lókè. Sàlàhúdíìnì bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ọbáńtókò. Màríámù tún yàrá ṣe dè é, ó ta aṣọ sí fèrèsé. Alhaja wá wò ó, ó ní yàrá náà dára púpọ̀, kí wọ́n máa fi gba àlejò. Bí òjò bá ti ṣú, ọ̀rẹ́ mi yìí kì í lè jẹun. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí omi ń fi ògiri amọ̀ ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀, ó rọ̀, kò fẹ́ dá mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ni ìpàdé wa bọ́ sí. A wà lórí kíka míníìtì ìpàdé tó kọjá nígbà tí fóònù Alhaji dún. Ó tẹrí ba sẹ́yìn fáìlì kó lè gbé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí pé Alhaja máa ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù bí ẹni ń pe ènìyàn láti òdì kejì ọjà.

"Àjàní! Omi ti wọ ìsàlẹ̀ o!"

"Màámi, mo wà nípàdé."

"Mo mọ̀. Ṣebí ìpàdé pàjáwìrì ni? Bá mi sọ fún wọn."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé jáde."

"Ẹ̀yìnkùlé wo? Odò ti gbà á. Fàòsíyà ìsàlẹ̀ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ láàárọ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé àwọn, mo ní ọmọ mi ń bọ̀. Ògiri ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ, Àjàní."

Ojú Alhaji funfun. Ẹni tó dúdú tó un, n ò mọ̀ pé ó lè funfun. Ó na ọwọ́ sókè.

"Akọ̀wé, kí ló dé?" ni Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ bi í.

"Ààrẹ, sà, pàjáwìrì ni."

Gbogbo ilé dáhùn pé, "Kò ní í jẹ́ tiwa!"

"Rárá, pàjáwìrì gidi ni mò ń sọ, sà."

"Ṣé ó jẹ yọ nínú míníìtì?"

"Kò jẹ yọ, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ni."

"Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, abẹ́ Ọ̀rọ̀ Mìíràn ló máa bọ́ sí. Òfin rẹ ni, Alhaji. Ìwọ lo kọ ọ́."

Òótọ́ ni. Òun ló kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú pàjáwìrì wá síwájú ilé kí a tó gba míníìtì wọlé. Ẹnì kan ló ti fi ariwo iná da ìbò rú nígbà kan, iná ọ̀hún ò sì sí níbì kankan. Ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó jókòó. Ìyá rẹ̀ wà nínú omi, ó jókòó, ó ń fi ìka tẹ̀ lé míníìtì nínú ìwé. Inú bí mi débi pé mo ta á nípàá lábẹ́ tábìlì, mo sì dìde.

"Ìyá rẹ̀ ni o! Alhaja wà lókè ilé, omi ti yí ilé ká ní Láfẹ́nwá!"

Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká sáré. Ó ní, "Ta ló máa dá a lábàá pé ká gba míníìtì wọlé kíákíá?" Gbogbo wa na ọwọ́ méjèèjì, ẹlòmíràn na ẹsẹ̀ kún un. A gba míníìtì tí a kò tíì kà tán, a tú síta bí ọmọ iléèwé.

Alhaji ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀. Ó ká tapólì kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí ríbọ́ọ̀nù, ó sì dúró.

"A ò tíì ṣí i," ló sọ.

"Alhaji, ẹ má bà mí lọ́kàn jẹ́," mo ní.

"Christianah, ẹni ńlá tó kàn ti fẹnu sí i pé òun ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá ṣí ohun tí wọ́n ti lò."

Kì í ṣe pé kò fẹ́ lọ. Omijé ti wà lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, okùn náà sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ ló yanjú rẹ̀. Ó ní kí a má ja ríbọ́ọ̀nù, kí a kàn gbé ọkọ̀ lọ dán wò. Ohun tí a bá dán wò, a kò tíì lò ó nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ yìn ín fún ọgbọ́n.

"Alhaja tí yóò wọ inú rẹ̀ wá ńkọ́?" mo bi wọ́n.

"A ó ka àwọn náà mọ́ ìdánwò," ni Alhaji dáhùn, kò rẹ́rìn-ín.

A fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e láti Aké dé Láfẹ́nwá, adìẹ àgbébọ̀ náà wà nínú rẹ̀, ó kọ̀ láti bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣán ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Omi ti gba ìsàlẹ̀ òpópónà. Àwọn ènìyàn ń gbé tẹlifíṣọ̀n, màtírẹ́ẹ̀sì àti ewúrẹ́ gòkè bọ̀. Àwa mẹ́ta ló wọ ọkọ̀: Alhaji, Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ àti èmi. A kò gbọ́dọ̀ ja ríbọ́ọ̀nù, nítorí náà à ń rá kòrò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí olè tó ń wọ ọgbà. Èrò tó wà létí omi rí wa.

"Ẹ̀yin ará bóòtù, ṣé ìyàwó lẹ ń lọ gbé ni?"

"Oga, na who wan marry the boat?"

Alhaji fa okùn ẹ́ńjìnnì, kò dún. Ó tún fà á. Kò sí epo nínú rẹ̀. Òun ló ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ rọ epo sí ohun tí a kò tíì ṣí. A mú àjẹ̀ a sì ń tukọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀, pé Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ kọjú sẹ́yìn. Èmi ń tù ún lọ, òun ń tù ún bọ̀. Ọkọ̀ ń yí po lójú kan, adìẹ ń ké, èrò ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo pariwo mọ́ ọn, ó ní bí wọ́n ṣe to àga òun lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Omi fúnra rẹ̀ ló gbé wa dé iwájú ilé Alhaja. Ó wà lójú fèrèsé òkè, ó wọ híjáàbù tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ó fi báàgì kọ́ apá. Omi ti gba ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ dé òkè. Sìmẹ́ńtì ti ń ṣí kúrò lára ògiri, amọ̀ pupa sì ń yọ́ sínú omi.

"Ẹ kú àbọ̀ o," Alhaja ní. "Ẹ kú wàhálà. Christianah, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Ọkọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

"Ó ti san, mà. Alhaja, ilé yín ń wó!"

"Mo rí i." Ó wo ọkọ̀ wa láti orí dé ìdí. "Àjàní, kí ni okùn pupa yẹn?"

Alhaji wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló wà nílẹ̀. "Ríbọ́ọ̀nù ni, Màámi."

"Èyí tí wọ́n máa ń gé bí wọ́n bá fẹ́ ṣí nǹkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọn ò wá tíì ṣí i." Ó na ìka sí ríbọ́ọ̀nù. "Ẹ gbé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà sí wá bá mi lórí omi, ẹ fẹ́ fi mí ṣe àkọ́tà. Èmi! Èmi tí mo kọ́ ọ ní àkọ́tà!"

"Ìdánwò lásán ni, Màmá," Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ dá sí i.

"Ẹ lọ fi ìyá tiyín dánwò." Ó jókòó sójú fèrèsé. "Ẹ ṣí i lójú mi kí n tó wọ̀ ọ́. Àdúrà, ọ̀rọ̀ ìkíni, gbogbo rẹ̀ pátá. N ò kánjú."

Mo rò pé Alhaji yóò bẹ̀ ẹ́. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó tún fìlà ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo fi Ọlọ́run búra. Ó kí gbogbo èèyàn pàtàkì tó wà ní ìjókòó, ìyẹn èmi, ààrẹ àti adìẹ. Ó ṣe àdúrà ní ti mùsùlùmí, ó ní kí n ṣe ti ìgbàgbọ́. Tèmi kò gùn rárá. Alhaja ní, "Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn, Christianah?" Ojú tì mí, mo fi ẹsẹ Sáàmù kan kún un, mo ń fi ọwọ́ kan di etí ògiri mú kí omi má gbé wa lọ. Lẹ́yìn náà Alhaji pe ààrẹ kó wá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún nínú àpò, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Ọjọ́ tí ẹni ńlá àkọ́kọ́ kò wá ló ti ń gbé e kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ààrẹ tó ti jẹ sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ní ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo láti máa yára. Alhaja ń mi orí sí i bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Nígbà tó bá fẹ́ fo ìlà kan, Alhaja á ní, "Ẹ má kánjú, sà, mò ń gbọ́ yín."

Nígbà náà ni igun ilé já. Ó já gbàdà sínú omi, ìgbì gbé wa sókè, ìwé fò lọ́wọ́ ààrẹ.

"Mo ṣì wà ní ojú ewé kejì!" ló kígbe.

Ògiri ya láti ìsàlẹ̀, ó ya bọ̀ lókè, ó ń bọ̀ tààrà síbi fèrèsé tí Alhaja jókòó sí. Mo ń wo Alhaji. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bí olùdarí ètò tó fẹ́ kí ilé parọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ó parí! Ètò parí! Gbogbo rẹ̀ parí!"

"Ó ku ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́," Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ ní.

Alhaji gun èjìká rẹ̀. Ó gun èjìká ààrẹ ẹgbẹ́ pẹ̀lú bàtà, ó di fèrèsé mú, ó wọlé. A gbọ́ ohùn Alhaja nínú ilé: "Gbé mi sílẹ̀! Àjàní, mo ní kí o gbé mi sílẹ̀!" Ó jáde padà sójú fèrèsé, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọmọ, ìyá ń fi báàgì lù ú lórí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Kò wúwo rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Òun náà fò lé wa lórí, ọkọ̀ gbọ̀n, ríbọ́ọ̀nù já, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó já. A ń tukọ̀. Ẹ̀rù ti yí Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ kọjú síwájú, apá kan náà ni gbogbo wa ń tù sí wàyí.

A kò tíì rìn jìnnà tí ilé náà fi lọ. Kò pariwo tó bí mo ṣe rò. Ó kàn jókòó sínú omi díẹ̀díẹ̀, páànù òrùlé lẹ̀ mọ́ ojú omi, eruku pupa sì rọra bà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìsàsùn rẹ̀, ìjókòó ọkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tolúlàṣẹ gbọn omi nù lára, ó dìde, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Alhaja ní. Ó sì jókòó.

A tù ú díẹ̀. Alhaja kò wẹ̀yìn. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, iṣan ọwọ́ rẹ̀ le gan-an.

"Àjàní."

"Màámi."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ bí ògiri yẹn ṣe ń ya."

Alhaji ń tukọ̀ lọ.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́tà. Ta ló ń wá àkọ́tà níbi tí omi ti ń gbé ilé lọ? Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó tán, n ò ní ilé ọkọ mọ́. Ni mo ṣe ní kí wọ́n ṣì máa sọ̀rọ̀ ná."

Ọkùnrin náà gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, tí wọ́n kọ ALÁBÒÓJÚTÓ PÀJÁWÌRÌ gàdàgbà sí lẹ́yìn.

"Èmi náà ni, Màámi. Láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá ti pè mí pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ilé yín ni mo máa ń rò pé ó jẹ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí láti lọ wò ó. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣì máa sọ̀rọ̀ ná."

Ó bú sẹ́kún. Kò fi ìwé bojú, kò fi fìlà bojú, ó sunkún kíkan kíkan lójú èmi àti ààrẹ ẹgbẹ́. Èmi náà ń sunkún, n ò ní í purọ́, èmi tí mo ti ń bínú sí i láti àárọ̀. Alhaja fi etí híjáàbù nu ojú ọmọ rẹ̀, ó nù ún dáadáa, ó wá mú àjẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ padà. Ọmọbìnrin kan ń pè wá láti orí òrùlé ní òpópónà kejì, a sì yí ọkọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.